Màmá Tí Mi Ò Kí ní Ṣàngó

Lọ́dún kejì tí mò ń kọ́ṣẹ́ saikọ́lọ́jì, iṣẹ́ fífi ọ̀rọ̀ tọ́jú ọkàn, ní ilé ìwòsàn kan l'Ọ̀tà, ọ̀gá tó ń tọ́ mi sọ́nà ní òfin kan tí wọn kì í fi ṣeré. Bí o bá rí ẹni tí ò ń tọ́jú níta, má kí i, àfi tó bá kọ́kọ́ kí ọ. Ẹni tó bá a rìn lè bi í pé níbo ló ti mọ̀ ọ́, àṣírí á sì tú. Àmọ́ ọjọ́ àkọ́kọ́ gan-an ni kó o ti ṣàlàyé òfin yìí fún un, kó má baà rò pé ìgbéraga ni.

Mo kọ ọ́ sínú ìwé, mo fàlà sí i nídìí. Ọmọ másítà ni mí, mo mọ̀wé.

Ẹni kẹta tí wọ́n fún mi tọ́jú ni màmá kan tó ti lé lọ́gọ́ta ọdún, ará Ìsẹ́yìn tó ti ń ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ oníke kan láti ìgbà tí mo ṣì wà ní pírámárì. Mo ti yí àwọn nǹkan kan padà nínú ìtàn yìí kí ẹnikẹ́ni má baà dá wọn mọ̀. Ó kéré tán, mo mọ ìyẹn ṣe. Ẹ̀rọ gé ọwọ́ ọmọbìnrin kan tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́. Láti ọjọ́ náà, bí màmá bá ti dé géètì, tí wọ́n gbọ́ ariwo ẹ̀rọ, ẹsẹ̀ wọn á kọ̀. Wọ́n fẹ́ lè wọlé padà. Ohun tí wọ́n bá wá sọ́dọ̀ mi kò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, mo ṣàlàyé gbogbo nǹkan, ó wá ku òfin ìkíni. Mo lanu, mo tún pa á dé. Ta ni mí tí màá fi wo ojú ìyá tó ju ìyá tó bí mi lọ, kí n ní, "Mà, bí mo bá rí yín níta, mi ò ní kí yín"? Wọ́n á ní wọn ò kọ́ mi nílé. Mo ní màá sọ ọ́ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ dé, mo tún sún un síwájú.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin gbáko, "Dáadáa ni, a dúpẹ́" ni mò ń gbọ́ lẹ́nu màmá. Ní Wẹsidé karùn-ún, wọ́n tú gèlè wọn, wọ́n tún un wé, wọ́n wá sọ̀rọ̀.

"Èmi ni mo pè é. Mo fẹ́ bá a ṣàwàdà lásán ni. Ó yíjú wò mí, bẹ́ẹ̀ ni mẹ́síìnì gbá ọwọ́ ẹ̀ mú. Mi ò tíì sọ ọ́ fẹ́nì kankan rí."

Wọ́n sunkún dáadáa. Nígbà tí wọ́n ń lọ, wọ́n ní ara àwọn fúyẹ́ díẹ̀. Inú mi dùn débi pé mo ń kọrin lọ sílé.

Ní Sátidé, mo ń yẹ bàtà wò ní Toll Gate Ṣàngó nígbà tí mo rí màmá tí wọ́n ń bọ̀ pẹ̀lú obìnrin méjì. Wọ́n rí mi, ojú wọn sì là. Wọ́n dẹ ẹsẹ̀ rìn. Mo mọ ohun tí wọ́n ń dúró dè: ọmọdé ló ń kọ́kọ́ kí àgbà. Èmi náà ń dúró kí wọ́n kọ́kọ́ kí mi, nítorí òfin. Orúnkún mi ti fẹ́ tẹ̀, mo dá a dúró. Mo dojú kọ bàtà, mo ń bèèrè iye èyí tí mi ò ní wọ̀ láé. Nígbà tí mo gbójú sókè, ẹ̀yìn wọn ni mo rí.

Ẹ̀yin èèyàn mi, mo tún ń yin ara mi pé mo pa òfin mọ́.

Wọn ò wá ní Wẹsidé. Wọn ò wá ní èyí tó tẹ̀ lé e. Ọ̀gá mi ní kí n pè wọ́n. Ọmọ wọn obìnrin ló gbé fóònù.

"Ẹ má bínú, ántí. Màámi ní àwọn ò wá mọ́ o."

"Kí ló dé?"

"Wọ́n ní ojú lọ̀rọ̀ wà. Wọ́n ní látìgbà táwọn ti sọ fún yín nǹkan táwọn ṣe, ẹ ò lè wojú àwọn mọ́." Ó wá rẹ ohùn sílẹ̀. "Ántí, kí ni wọ́n ṣe gan-an?"

Mo ní kó bá mi sọ fún wọn pé òfin iṣẹ́ ni ò jẹ́ kí n kí wọn. Létí èmi fúnra mi, irọ́ ló jọ. Mo gbọ́ ohùn màmá lẹ́yìn: "Sọ fún un pé mo dúpẹ́."

Ọ̀gá mi ò jágbe mọ́ mi. Wọ́n kàn bi mí pé, "Ṣé o sọ fún wọn lọ́jọ́ àkọ́kọ́?" Mo ní rárá.

Mo ti gbàwé àṣẹ iṣẹ́ yìí báyìí. Mi ò mọ̀ bóyá màmá padà wọ géètì yẹn, ó sì ń dùn mí di òní. Ẹnikẹ́ni tó bá jókòó síwájú mi, òfin ìkíni ni mo fi ń bẹ̀rẹ̀. Lóṣù tó kọjá, mo sọ ọ́ fún ìyá arúgbó kan láti Igbesa. Wọ́n rẹ́rìn-ín. "Ìyẹn náà dáa, ọmọ mi. O ṣeun tó o jẹ́ kí n mọ̀."

Kò gbà wá tó ìṣẹ́jú kan.