Òrí Inú Ìbọn Bàbá Àgbà

"Gbé ọwọ́ ẹ kúrò níbẹ̀ jàre, ìwọ ọmọ yìí!"

Bàbá mi àgbà ò gbójú sókè kí wọ́n tó sọ ọ́. Orí tábìlì ìdáná ni ìbọn náà wà, wọ́n ti tú u palẹ̀ sórí táwẹ̀ẹ̀lì àtijọ́. Omi gbígbóná ń rú èéfín nínú bàsíà, gbogbo ilé ń rùn bí ìṣáná tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pa. Òjò ń lu fèrèsé, bọ́ọ̀sì ń kọjá nísàlẹ̀. Ilé wọn ní Peckham, nílùú òyìnbó, ni mo máa ń wà lẹ́yìn ilé ìwé títí màmá mi á fi ti ibi iṣẹ́ dé.

Kí ẹ má lọ rò pé jàgùdà ni bàbá mi àgbà o! Ìbọn ìléwọ́ ayé àtijọ́ ni, irú èyí tí wọ́n ń rọ ẹ̀tù dúdú sí, tí àgbá kékeré inú rẹ̀ ń yí bírí. Wọ́n ní láísẹ́ǹsì, ọlọ́pàá sì máa ń wá wo àpótí irin tí wọ́n ń tì í mọ́. Ọmọ ọdẹ ni wọ́n, mẹkáníìkì gáràjì bọ́ọ̀sì ni wọ́n jẹ́ kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì. Àwọn ẹgbẹ́ wọn ń wo bọ́ọ̀lù, tiwọn ni pé kí wọ́n lọ máa yìnbọn sí bébà nínú pápá kan ní Kent, lẹ́ẹ̀kan lóṣù.

Ní ìgbà òtútù ọdún yẹn, ẹ̀gbọ́n wọn kú nílé lọ́hùn-ún, nílẹ̀ Yorùbá. Dókítà ní àyà Bàbá ò lè gba ọkọ̀ òfúrufú, wọn ò lè lọ sin ín. Bẹ́ẹ̀, ní ìdílé wa, bí ọdẹ bá kú, ọmọ ìyá rẹ̀ ló gbọ́dọ̀ yìnbọn fún un, tàbí ọmọ inú ilé rẹ̀ bí kò bá ní ọmọ ìyá mọ́. Títí ìbọn yẹn yóò fi dún, ẹni tí yóò yìn ín ò gbọdọ̀ pe orúkọ òkú náà. Àlùfáà mọ́ṣáláṣí wa sọ fún wọn pé àdúà ti tó. Bàbá ní, "Àdúà ti tó, Àlùfáà, Ọlọ́run á gbà á. Ìbọn ló kù." Ọjọ́ tí wọ́n wá gbé ìbọn náà jáde láti tún un ṣe, sípíríǹgì tó ń ti òòlù rẹ̀, èyí tó ń lu ẹ̀tù kó gbiná, kán pá sí wọn lọ́wọ́.

Wọ́n tẹ fóònù sí àwọn tó ń ta ìbọn títí. Ẹnì kan ní àwọn ò ní irú rẹ̀ mọ́. Òmíràn ní kí wọ́n kúkú ra ìbọn tuntun. Bàbá fi fóònù sílẹ̀, wọ́n yíjú sí mi: "Ṣé bí ẹsẹ̀ bá ń ro èèyàn, ẹsẹ̀ tuntun ló ń lọ rà?" Mo rẹ́rìn-ín. Bàbá ò rẹ́rìn-ín.

Ilé òyìnbó arúgbó kan ní Sydenham la ti rí i nígbẹ̀yìn. Agolo bisikíìtì kún ilé ọkùnrin náà, irin wẹ́wẹ́ ló wà nínú gbogbo wọn. Ó tú u, ó tú u, ó mú sípíríǹgì kan jáde. Ó ní kì í ṣe ti irú ìbọn yẹn gan-an, ó fi díẹ̀ fẹ̀ jù. Bàbá ní kò burú, àwọn ní fáìlì tí wọ́n fi ń fá irin nílé.

Bí wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í fá a nìyẹn, kẹ́rẹ́kẹ́rẹ́, kẹ́rẹ́kẹ́rẹ́, lójoojúmọ́ tí mo bá ti ilé ìwé dé. Wọ́n á fá a díẹ̀, wọ́n á dán an wò, kò ní wọlé, wọ́n á tún yọ ọ́. Mo ní kí wọ́n kúkú fagbára tì í wọlé. "Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́," ni wọ́n wí, "ohun tí a bá fagbára mú ní í le koko." Bí wọ́n ti ń fá irin ni wọ́n ń sọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n wọn tó kú fún mi. Ẹni yẹn ló gbé àwọn kọjá odò lọ́rùn. Ẹni yẹn ò lè rí ẹran kó má jẹ ẹ́ tán kí ọbẹ̀ tó jinná. Ẹni yẹn, ẹni yẹn.

"Bàbá, kí ni orúkọ wọn gan-an?" Màmá mi mọ orúkọ náà, àmọ́ ẹnu Bàbá ni mo ti fẹ́ gbọ́ ọ.

"Jẹ́ kí ìbọn dún ná. Mà á pè é títí wàá fi ní ó tó."

Nígbà tí sípíríǹgì wọlé, wọ́n mú òrí tí wọ́n rà ní ọjà Rye Lane, wọ́n fi ra gbogbo inú ìbọn náà bí ẹni ń ra ọmọ tuntun lára. Òrí ni bàbá tiwọn fi ń ra ṣakabùlà rẹ̀. Hítà ń gbóná, òrí náà ń yọ́ bí omi. Wọ́n fa òòlù sẹ́yìn, wọ́n tẹ̀ ẹ́ lófìfo. Ká! "O ò rí i? Ó ti jí!" Inú wọn dùn débi pé wọ́n dìde jó díẹ̀.

Ọjọ́ Sunday tí a lọ, koríko pápá náà funfun fún ìrì dídì. Èmi àti màmá mi dúró lẹ́yìn, a fi nǹkan bo etí. Bàbá ṣí fìlà, wọ́n sọ nǹkan lábẹ́ ahọ́n, wọ́n na ọwọ́, wọ́n tẹ ìbọn.

Kẹ́.

Wọ́n tún un tẹ̀. Kẹ́. Òòlù ń bọ̀ wálẹ̀ wọ́ọ́rọ́, bí arúgbó tó ń sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn. Ọ̀gá pápá wá, ó gba ìbọn náà, ó fi èékánná ha inú rẹ̀. Nǹkan funfun jáde, ó ti dì gbagidi bí àbẹ́là. Ó bi wọ́n jẹ́jẹ́ pé kí ni wọ́n fi sí i.

"Òrí ni," ni Bàbá wí, ní Yorùbá, bí ẹni pé ọkùnrin náà á gbọ́. Níbi tí wọ́n bí wọn sí, oòrùn kì í jẹ́ kí òrí dì nínú ìbọn. Kò wá sí wọn lọ́kàn rárá. Ó mà ṣe o!

A gba ilé lọ. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ní a máa fi omi gbígbóná fọ òrí náà dànù, a máa padà lọ lóṣù tó ń bọ̀. Ṣùgbọ́n òtútù ọjọ́ yẹn ti wọ̀ wọ́n láyà. Ikọ́ bẹ̀rẹ̀, ikọ́ ò lọ, wọ́n gbé wọn lọ sọ́sibítù. Mo jókòó tì wọ́n, mo ní, "Bàbá, ẹ kúkú pè é báyìí. Èmi nìkan ni mo wà níbí." Ẹnu wọn mì. Mo rò pé wọ́n fẹ́ pè é. Wọ́n mi orí, wọ́n pa ẹnu dé. Oṣù ò parí tí wọ́n fi kú.

Ọlọ́pàá wá gbé ìbọn náà lọ bí òfin ṣe wí. Màmá mi fọwọ́ sí ìwé, ó ti ilẹ̀kùn, ó sunkún.

Mo ti di ìyá ọmọ báyìí. Láàárọ̀ òtútù, mo máa ń mú òrí líle, mà á fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì ra á títí yóò fi yọ́, kí n tó fi kan ara ọmọ mi. Ó máa ń pẹ́. Nígbà mìíràn mo máa ń bínú sí i, bí ẹni pé òun ló pa Bàbá. Ọmọ mi sì ti gbọ́n tó láti máa béèrè pé kí ló dé tí n kì í dárúkọ bàbá mi àgbà tí mò ń sọ ìtàn wọn fún un.

Mo ní kó ní sùúrù. Ìbọn ò tíì dún fún wọn.