Orúkọ Mẹ́ta Tí Mo Gé Kúrò Nínú Orin Mummy

Orin àwọn òyìnbó orí òkè ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni mo máa ń kọ, èyí tí wọ́n ń pè ní bluegrass: bánjò tó ń sáré, gòjé, àti ohùn tó ń gba imú jáde. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Kásẹ́ẹ̀tì kọ́ńtírì bàbá mi ló kó bá mi. Láti Ìbàdàn ni wọ́n ti kó wọn wá sí Peckham, ní London níbí, wọ́n sì ń gbọ́ wọn ní gbogbo àárọ̀ Sátidé títí orin náà fi wọ̀ mí lára. Ìyá mi máa ń ní, "Ọmọ Yorùbá ni mo bí, darandaran òyìnbó ló padà dà."

Orin tí àwọn àgbà kọ ni mo fẹ́ràn jù, mi ò sì fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú un rí. Bàbá arúgbó kan wà ní Amẹ́ríkà tó kọ orin nípa oko tí wọ́n tà. Ọ̀rọ̀ kan wà níbẹ̀ tí kò yé mi, orúkọ irinṣẹ́ kan ni. Mo kọ lẹ́tà sí bàbá náà, oṣù méjì ni mo fi dúró kí èsì tó dé, mi ò sì kọ orin náà níta kí n tó rí i gbà. Inú mi dùn sí ara mi nígbà náà pé mo mọ iyì àgbà.

Mummy ń gbé ní ìsàlẹ̀ wa gan-an, àtẹ̀gùn kan ṣoṣo ló wà láàárín wa. Gbogbo búlọ́ọ̀kù ló ń pè wọ́n ní Mummy. Akọrin wákà ni wọ́n nígbà tí wọ́n wà nílé, àwọn tó bá ti Mẹ́kà dé ni wọ́n máa ń kọrin fún. Títí dòní, orin tí wọ́n ṣe ni àwọn obìnrin mọ́ṣáláṣí wa ń kọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ohùn Mummy fúnra wọn ti há. Lọ́jọ́ tí mo sọ fún wọn pé mo fẹ́ fi bánjò kọ ọ̀kan nínú orin wọn, wọ́n ń ha ìpẹ́ ẹja lọ́wọ́ ní kíṣìnnì. Wọ́n fi ọ̀bẹ sílẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni wọ́n fi kọ́ mi ní ẹsẹ mẹ́rin. Orúkọ mẹ́ta pẹ̀lú oríkì wọn ló wà ní ẹsẹ kẹrin. Wọ́n ní, "Ibi orúkọ yẹn gan-an ni orin wà o. Mo fẹ́ kí èrò gbọ́ ọ kí n tó kú." Mo ní, "Ẹ má ṣèyọnu, Mummy."

Mi ò bèèrè ta ni àwọn tó ni orúkọ. Mo ṣáà rò pé àwọn olówó tí wọ́n ń kì láyé ijọ́un ni. Ká sòótọ́, kì í ṣe ìyẹn nìkan. Orúkọ náà gùn, èmi tí mo sì gé tèmi kúrú ní ilé ìwé kí tíṣà má bàa máa kọsẹ̀ lórí ẹ̀, ojú ń tì mí láti dúró síwájú àwọn òyìnbó tó ń wá gbọ́ wa, kí n máa pe orúkọ gbọ̀ọ̀rọ̀gbọọrọ. Nígbà tí òyìnbó tó ń ta gòjé fún wa bi mí pé kí ló wà ní ẹsẹ kẹrin, mo ní, "Orúkọ lásán ni." Bí mo ṣe gé e kúrò nìyẹn.

Torí pé ilé ọtí ni èmi àti ẹgbẹ́ mi ti máa ń ṣeré, tí Mummy ò sì ní wọ ibẹ̀, mo wá gbọ̀ngàn kan nítòsí Rye Lane, ní ọ̀sán Sunday. Ìyá mi àti àwọn obìnrin mọ́ṣáláṣí mú wọn wá, wọ́n jókòó ní ìlà iwájú. Mo kọ ẹsẹ kìíní, ìkejì, ìkẹta, àwọn obìnrin ń gbè é lẹ́sẹẹsẹ. Mo wá mi orí sí àwọn ẹlẹgbẹ́ mi, bánjò sáré, orin parí. Mo rí Mummy tí wọ́n ti la ẹnu. Wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ orúkọ àkọ́kọ́, àtẹ́wọ́ ló bò ó mọ́lẹ̀. Wọ́n pa ẹnu dé, àwọn náà sì pàtẹ́wọ́ fún mi. Nígbà tí a jáde, wọ́n ní, "O ṣé, ọmọ mi. Ohùn ẹ dáa." Orí mi wú.

Èmi àti ìyá mi jọ ń lọ sílé, a kọjá ṣọ́ọ̀bù àwọn onísu. Wọ́n wá ní, "Kí ló dé tí o ò pe àwọn ọmọ Mummy?"

"Àwọn ọmọ wo? Ṣebí ọ̀kan ṣoṣo ni wọ́n bí, èyí tó wà ní Manchester."

Ìyá mi dúró. "Mẹ́rin ni wọ́n bí."

Àwọn mẹ́ta ti kú ní kékeré, kí Mummy tó wá sí London. A kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ, nítorí náà kò sẹ́ni tó ń sọ ọ́, Mummy náà ò sì fẹnu sọ ọ́ rí. Inú orin nìkan ni wọ́n ti ń pè wọ́n. Ọkọ wọn ti kú, yàtọ̀ sí ìyá mi àti àwọn ẹgbẹ́ wọn díẹ̀, kò tún sẹ́lòmíì tó mọ̀ pé àwọn ọmọ náà wá sáyé. Ìyá mi ní, "Mo rò pé o mọ̀."

Ojú gbà mí tì. Nítorí irinṣẹ́ oko òyìnbó tí mi ò rí rí, mo kọ lẹ́tà, mo fi oṣù méjì dúró. Mummy tí mo kàn máa sọ̀ kalẹ̀ bá, mi ò lè bi wọ́n ní ìbéèrè kan ṣoṣo.

Lọ́jọ́ kejì mo lọ kúnlẹ̀ níwájú wọn. Mo ní, "Mummy, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Mi ò mọ̀." Wọ́n ní, "Ṣé orúkọ yẹn le lẹ́nu ẹ ni, àbí ojú ló ń tì ẹ́?"

Mo parọ́. Mo ní, "Ó le lẹ́nu mi ni, Mummy."

Ojú wọn rọ̀. "Ẹ̀yin ọmọ London yìí náà." Wọ́n ní kí n dìde jókòó ti àwọn. Wọ́n mú un láti orí àgbà, wọ́n ń gé orúkọ náà sí wẹ́wẹ́ fún mi bí ẹni ń kọ́ ọmọdé ní kéú. Mo ti mọ orúkọ náà dunjú tipẹ́tipẹ́. Ṣùgbọ́n kí irọ́ mi má bàa tú, mo mọ̀ọ́mọ̀ ṣì í pè. Wọ́n ní, "Rárá, gbọ́ mi dáadáa," wọ́n tún un pè, èmi náà tún ṣì í. Bẹ́ẹ̀ la ṣe é fún àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, títí ohùn Mummy fi fẹ́ẹ̀ lọ tán. Nígbà tí mo fẹ́ máa lọ, wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ mi.