Ọjọ́ Tí Mo Lọ Bẹ Àwọn Ará Ilé Kóòṣì Lódìkejì Ọ̀sà

Aago márùn-ún ìdájí kò tíì lù nígbà tí mo jáde nílé ní Morogbo. Ìyàwó mi tẹ̀ lé mi dé ẹnu ọ̀nà pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́. Ó ní, "Ẹ rí i pé ẹ dọ̀bálẹ̀ gbalaja o. Kì í ṣe ìdọ̀bálẹ̀ òṣìṣẹ́ ìjọba, tí wọ́n ń fi ìka kan ilẹ̀ lásán." Mo ní mo gbọ́. Láti ọjọ́ Tọ́sìdè ni oúnjẹ kò ti lọ lọ́nà ọ̀fun mi, òun náà sì mọ̀.

Kí n jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ mi kí ẹ tó bá mi rin ọ̀nà yìí. Àwa ọkùnrin mẹ́tàdínlógún kan ni a jọ ń ṣe ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù aláṣọ pupa kan tó wà nílùú òyìnbó. Abẹ́ páànù kan lẹ́bàá títì la ti ń wo eré, a sì ní gúrúùpù lórí fóònù tí a ti ń bá ara wa jà. Káfíńtà kan wà nínú wa, ọmọ Ègùn, tó kọ́ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ abẹ́ páànù náà. Kóòṣì la máa ń pè é, nítorí ìdérí ìgò ni ó fi ń ṣe àlàyé eré fún wa lórí bẹ́ńṣì: ìdérí yìí ni adẹ́yìn, èyí ni nọ́ńbà mẹ́sàn-án. Ọdún mẹ́fà la fi jókòó pọ̀. N kò mọ orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́.

Nígbà tí sáà tuntun bẹ̀rẹ̀, eré mẹ́rin la gbá: a pàdánù mẹ́ta, a ta ọ̀mì nínú ọ̀kan. Gbogbo wa ní àfi kí wọ́n lé akọ́nimọ̀ọ́gbá ẹgbẹ́ náà lọ. Kóòṣì tiwa nìkan ló ń gbè é. Ó ní, "Ẹ fún ọkùnrin náà lásìkò. A kì í fi igi tútù kan ilẹ̀kùn." Lálẹ́ Sátidé tí a jẹ góòlù mẹ́ta, mo bínú sí i, mo ní àwọn alágbàwí bíi tirẹ̀ ló ń ba ẹgbẹ́ jẹ́. Ó ní orí ń fọ́ òun, ó dìde, ó sì lọ sílé lọ́dọ̀ ìyàwó rẹ̀ ní abúlé wọn, lódìkejì ọ̀sà Àgbádárìgì.

Ní àárọ̀ Túsìdè, mo wà lẹ́nu iṣẹ́ nígbà tí ọ̀rọ̀ kan wọlé sínú gúrúùpù láti orí fóònù rẹ̀: "Kóòṣì ti lọ." Inú wa dùn. A rò pé wọ́n ti lé òyìnbó yẹn nìyẹn, àti pé Kóòṣì ti gbà pé àwa la jàre. Àwa mọ́kànlá la dáhùn. Ẹnì kan ní kí wọ́n lulù. Ẹnì kan ní ìsinmi dé. Èmi ni mo dáhùn kẹ́yìn, ìyẹn ló sì burú jù: "Ó pẹ́ kó tó lọ! Ojú ti gbogbo ẹni tó ń gbè é. Kó máa lọ, kó má bojú wẹ̀yìn."

Lọ́jọ́ Tọ́sìdè ni ọ̀rọ̀ kejì wọlé: "Ẹ̀yin àgbà, bàbá mi ló kú o. Ẹ̀jẹ̀ ríru ni. A ti sin ín lánàá." Ọmọ rẹ̀ obìnrin ló ń kọ ọ́ látìbẹ̀rẹ̀. Àwa Yorùbá kì í là á mọ́lẹ̀ gbàù pé èèyàn kú. A máa ń ní ó ti lọ. Ọmọ náà hùwà ọmọlúàbí, ó sì pe bàbá rẹ̀ ní orúkọ tí àwa fi mọ̀ ọ́n, àwa wá ń jó. Ẹni mẹ́rin jáde kúrò nínú rẹ̀ láìsọ̀rọ̀. Wọ́n ní ìka tó bá ṣẹ̀ lọba ń gé. Àtàǹpàkò mi ló ṣẹ̀, èmi náà ni mo sì gbọ́dọ̀ lọ bẹ̀bẹ̀.

Ẹgbẹ̀rún kan àti ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta náírà ni mo wọ bọ́ọ̀sì láti Morogbo dé Àgbádárìgì. Ọ̀nà náà dára níbi kan, ó bàjẹ́ níbi mẹ́ta. Bí ọkọ̀ bá ti kúrò lórí kọnkéré, inú ẹrẹ̀ pupa ló ń bọ́ sí. Ibi mẹ́sàn-án ni wọ́n ti dá wa dúró yẹ̀ wá wò, nítorí ọ̀nà bodè ni. L'Ékìtì níbi tí wọ́n bí mi sí, èèyàn lè rin ìrìn wákàtí méjì láìrí igi dábùú ọ̀nà. Níbí, àwọn èrò kò tilẹ̀ gbójú sókè.

Bí Ọlọ́run yóò ṣe ṣe é, aṣọ pupa ẹgbẹ́ wa ni awakọ̀ wọ̀. Ọkùnrin kan tó wọ búlúù jókòó lẹ́yìn rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀.

"Dẹ́rẹ́bà, a rí yín lọ́sẹ̀ tó kọjá o. Ẹ jẹ mẹ́ta bí ẹni ń jẹ ẹ̀pà."

Awakọ̀ kan sítíárì lẹ́ṣẹ̀ẹ́. "Kì í ṣe àwọn ọmọ wa. Kóòṣì ni. Ọkùnrin yẹn ò sàbí nǹkan kan! Ó kó nọ́ńbà mẹ́wàá jókòó sórí bẹ́ńṣì, ó wá ń fi ẹni tí kò lè sáré síwájú."

Tíṣà obìnrin kan tó gbé ìwé lé itan ní, "Kóòṣì ni yóò bá wọn ṣọ́lé ni? Àwọn adẹ́yìn yín ló ń jò. Láti ìdíje tí wọ́n fi ń palẹ̀ mọ́ fún sáà ni mo ti rí i."

"Àǹtí, ẹ fi wá sílẹ̀ jàre. Kóòṣì yẹn ti kú. Sísin ló kù."

Gbogbo ọkọ̀ rẹ́rìn-ín. Ohun tó wá dùn mí jù ni pé kóòṣì òyìnbó tí gbogbo wa ń bú kò lọ síbì kankan. Ó ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀, ó ń jẹun, ó ń sùn. Kóòṣì tó lọ ni èyí tó ní kí a ṣe sùúrù.

Awakọ̀ wò mí nínú dígí. "Bàbá, ẹgbẹ́ wo lẹ̀ ń ṣe tẹ́ ẹ dákẹ́ bí ẹni jẹ̀bi?"

Mo ní, "Mi ò kì í wo bọ́ọ̀lù." Irọ́ àkọ́kọ́ tí mo pa lọ́jọ́ náà nìyẹn.

Ilẹ̀ ti mọ́ kedere nígbà tí a dé ọjà Agbalata ní Àgbádárìgì. Ebi ń pa mí, mo bá ra oúnjẹ kan tí àwọn Ègùn ń pè ní pìnọ̀n. Gàrí ni, ṣùgbọ́n omi ọbẹ̀ ata ni wọ́n fi rò ó, kì í ṣe omi gbígbóná lásán bíi ti ẹ̀bà wa, ó sì pupa rẹ́súrẹ́sú. Ẹgbẹ̀rún kan náírà pẹ̀lú ẹja kan. Òkèlè mẹ́ta ni mo gbé mì, mo fi ìyókù sílẹ̀.

Etí omi ni ìtìjú ti kọ́kọ́ bá mi ní gbangba. Ọlọ́kọ̀ ojú omi bi mí pé ilé ta ni mò ń lọ. Mo ní ilé Kóòṣì.

"Kóòṣì wo? A ò ní kóòṣì lọ́hùn-ún. Apẹja la ní."

Mo ṣàlàyé: ó ga, ó dúdú, ó ń rẹ́rìn-ín pẹ̀lú ọwọ́ lẹ́nu, káfíńtà ni ní Morogbo, ọjọ́ Túsìdè ló kú.

"Ẹ̀ ẹ́n! Mautin kápẹ́ńtà!" Ó wò mí látòkè délẹ̀. "Ọ̀rẹ́ ẹ̀ lẹ pe ara yín, ẹ ò mọ orúkọ ẹ̀?" Bí mo ṣe mọ orúkọ ọ̀rẹ́ mi nìyẹn, lẹ́yìn tí wọ́n ti bo iyẹ̀pẹ̀ mọ́ ọn. Ẹgbẹ̀rin náírà ni mo san. Ojúoró ti bo ojú ọ̀sà lápá kan. Ẹ̀ẹ̀mejì ni ọlọ́kọ̀ pa ẹ́ńjìnnì láti já a kúrò lẹ́sẹ̀ ọkọ̀ kí a tó gúnlẹ̀.

Iyanrìn funfun ni gbogbo abúlé náà, igi àgbọn ló sì yí i ká. Àga ike ṣì wà níta ilé Kóòṣì. Ìyàwó rẹ̀ jókòó lórí ẹní pẹ̀lú aṣọ dúdú, ẹ̀gbọ́n Kóòṣì ọkùnrin, arúgbó kan, jókòó sórí àga. Mo sọ pé Dípọ̀ ni mí láti Morogbo, mo sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja nínú iyanrìn. Mo la ẹnu láti jẹ́wọ́, bí mo ti tò ó sílẹ̀ látilé: ẹ kú àrafẹ́rakù, èmi ni mo ṣẹ̀, ẹ jọ̀wọ́. Arúgbó náà na ọwọ́ sókè. "Omi ló ń ṣíwájú."

Lọ́dọ̀ tiwa, láti ẹnu ọ̀nà ni ẹni tó wá kí òkú ti ń sọ̀rọ̀ tó sì ń sunkún wọlé. Lọ́dọ̀ àwọn Ègùn wọ̀nyí, àlejò kò gbọdọ̀ sọ ohun tó bá wá kí ó tó mumi. Mo bá jókòó, mo gbé ẹ̀bẹ̀ mi mì.

Ọmọbìnrin kan tó tó ogún ọdún ló gbé omi wá. Senami ni, ọmọ Kóòṣì. Ó kúnlẹ̀, ó tẹ ife náà sí mi lọ́wọ́, kò sì tètè fi í sílẹ̀. Ohùn rẹ̀ rẹlẹ̀ gan-an.

"Ẹ̀yin lẹ kọ 'kó má bojú wẹ̀yìn', àbí, sà?"

Mo mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni.

"Ìyá mi ò mọ̀wé. Èmi ni mo ka ọ̀rọ̀ yín fún wọn. Nǹkan míì ni mo kà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ òtítọ́ níbí."

Mo mu omi náà.

Opó náà ti gbọ́ orúkọ mi. Ó na ọwọ́ méjèèjì sí mi. "Dípọ̀! Ẹ̀yin lẹ kọ ọ̀rọ̀ yẹn. Mì wànu. Mì wànu kaka." Ọ̀nà tí àwọn Ègùn fi ń sọ pé ẹ ṣeun púpọ̀ nìyẹn. Ó yíjú sí àna rẹ̀, ó bá a sọ Ègùn díẹ̀, ó tún padà sí Yorùbá. "Ọ̀rọ̀ yín ló jẹ́ kí n lè sùn lálẹ́ Túsìdè yẹn. Ẹ tún un sọ. Mo fẹ́ kí ẹ̀gbọ́n ẹ̀ gbọ́ ọ lẹ́nu yín."

Gbogbo wọn ń wo ẹnu mi. N kò mọ ohun tí Senami kà fún wọn pé mo kọ. Mo bojú wo Senami. Ojú rẹ̀ wà nílẹ̀, ó sì sọ ọ́ bí ẹni rán àgbà létí: "Ẹ ní ẹni tó ń ní sùúrù fún gbogbo yín ti lọ, sà."

Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni. Ẹni tó ń ní sùúrù fún gbogbo wa ti lọ." Lẹ́yìn náà ni ẹnu mi ṣí. Mo ní bí gbogbo wa bá ń bú ẹlòmíì, òun ni yóò ní ká fún un lásìkò. Mo ní kò bú ẹnikẹ́ni rí lójú mi, pàápàá èmi tí mo bú u. Mo ní ó sọ pé a kì í fi igi tútù kan ilẹ̀kùn.

Opó náà rẹ́rìn-ín nínú ẹkún. "Òun gan-an nìyẹn! Ohun tó máa ń sọ fún mi nìyẹn tí mo bá ń bínú." Ó di ọwọ́ mi mú. Ó ní ní ogójì ọjọ́, kí n wá sọ ọ́ nínú ṣọ́ọ̀ṣì kí gbogbo ìjọ gbọ́. Mo ní màá wá. Arúgbó gbàdúrà fún mi, ó ní èmi náà kò ní kú láìrí ẹni rere sọ̀rọ̀ lẹ́yìn mi. Mo ṣe àmín.

Senami sìn mí dé etí omi. Nígbà tó ku àwa méjì, mo tún dọ̀bálẹ̀. Kò ní kí n dìde.

"Ọ̀rọ̀ mọ́kànlá ni mo hùmọ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà," ó wí. "Bí mo ṣe ń ka tẹnì kan sínú, bẹ́ẹ̀ ni mò ń wá òmíì sọ síta, ìyá mi sì gbé orí lé mi lẹ́sẹ̀. Tiyín ló gbẹ̀yìn, òun ló sì burú jù. Ìdí tí mo fi fún yín ní èyí tó dára jù nìyẹn, kí ìyá mi lè rò pé adùn ọ̀rọ̀ yín ló ń pa mí lẹ́kún."

Mo ní, "Senami, jọ̀ọ́, dárí jì mí."

"Èmi kọ́ lẹ bú, sà. Bàbá mi ni. Ẹ bẹ̀ wọ́n."

Ọlọ́kọ̀ pè mí. Mo wọ inú ọkọ̀.

Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ni mo padà dé Morogbo. Wọ́n ti tan ẹ̀rọ sílẹ̀ lábẹ́ páànù, eré karùn-ún fẹ́ bẹ̀rẹ̀, àwọn tiwa sì ti ń pariwo lé kóòṣì lórí. N kò yà. Ohun tí ìrìn àjò yìí kọ́ mi kò ju èyí lọ: ojú lọ̀rọ̀ wà, àwọn àgbà ló wí i, fóònù kò sì ní ojú. Ẹnu tí a bá ti fi ń pa àwọn tí a kò mọ̀ kú ní ìlú òyìnbó, kò ní mọ ọjọ́ tí yóò kan ẹni tó jókòó tì wá.

Ìyàwó mi gba báàgì lọ́wọ́ mi. "Ṣé ẹ dọ̀bálẹ̀ dáadáa?"

"Mo dọ̀bálẹ̀."

"Wọ́n ha dárí jì yín?"

Mo ní, "Rárá. Wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ mi."