Ilé Tí Àyà Mi Gbà

Òwú ni mo fẹ́ fi sójú abẹ́rẹ́ lọ́jọ́ tí ó bẹ̀rẹ̀. Iṣẹ́ télọ̀ ni mò ń ṣe, ọwọ́ mi kì í gbọ̀n, ṣùgbọ́n lójijì ojú mi ń ṣomi, ọ̀fun ń yún mi, àyà mi sì fún pinpin. Mo gbé abẹ́rẹ́ sílẹ̀. Mo ní, "Kí lèyí, Ọlọ́run?" Kò tíì pé ọjọ́ mẹ́wàá tí a kó dé ilé tuntun wa ní Mọ́lété, n'Íbàdàn.

Ẹ jẹ́ kí n sọ irú ilé tó jẹ́. Pẹ́ńtà ni ọkọ mi, Bàbá Rísí. Láyé ìgbà náà, bí ẹ bá rí ilé tí fèrèsé rẹ̀ ń dán yinrin láti Bẹẹrẹ dé Ọjà'ba, ẹ bèèrè, òun ló kùn ún. Gbogbo ọgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ ló kó sílé tiwa. Ọ̀dà olóròóró ló fi kun ògiri láti òkè délẹ̀, ó sì fi oògùn ikán kun igi àjà lẹ́ẹ̀mejì. Àwọn èèyàn ń wá wò ó. Èmi náà ń ṣakọ, kí n má purọ́.

Ikọ́ dé. Ikọ́ gbígbẹ ni, kò ní kẹ̀lẹ̀bẹ̀, òun àti orí fífọ́ ló jọ ń rìn. Bí mo bá gun àtẹ̀gùn, èémí mi á máa súfèé. Kò pẹ́ tí àwọn aládùúgbò fi ń sọ lábẹ́lẹ̀ pé ikọ́ ẹ̀gbẹ ni, ìyẹn ikọ́ tó ń jẹ ẹ̀dọ̀fóró, tó sì ń ran ẹlòmíràn. Èmi fúnra mi ya ife omi mi sọ́tọ̀. Mi ò jẹ́ kí Rísí, ọmọ mi ọdún mẹ́rin, sùn tì mí mọ́. Ìyẹn dùn mí ju ikọ́ náà lọ. Ní ọsibítù, a jókòó sórí bẹ́ǹṣì láti àárọ̀ títí oòrùn fi kan àtàrí kí wọ́n tó ya fọ́tò àyà mi. Wọ́n ní kì í ṣe ikọ́ ẹ̀gbẹ. Wọ́n fún mi lóògùn olómi, mo sì padà sílé lọ ń wúkọ́ mi.

Nígbà tí oṣù ààwẹ̀ dé, a kó lọ sí agbo ilé bàbá ọkọ mi ní Bẹyẹrúnká, torí àṣà wọn ni pé kí gbogbo ọmọ ilé jọ máa ṣínu pọ̀. Èmi ò gbààwẹ̀, àìsàn ti yọ̀ǹda mi, mo kàn ń bá wọn dáná ni. Ilé alámọ̀ ni, ògiri rẹ̀ nípọn, kò mọ ọ̀dà rí. Èéfín igi ń ta mí lójú bó ṣe ń ta gbogbo èèyàn, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ kẹta ikọ́ rọlẹ̀. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ kẹwàá, mò ń kọrin nídìí ọlọ.

Ìyá ọkọ mi ní, "Ìyàwó, o ò rí i? Ààwẹ̀ ló wò ọ́ sàn."

Mo ní, "Háà, mà! Èmi tí mò ń jẹ̀bà lọ́sàn-án?" A rẹ́rìn-ín títí. Kò sí ẹni tó ronú kan ilé.

Àṣà wa ni pé kí á tún ilé kùn de Ìtùnú Ààwẹ̀. Ọkọ mi rò pé ìdọ̀tí ara ògiri ló ń ṣe mí, ló bá fi ọ̀sẹ̀ tó gbẹ̀yìn oṣù náà kun yàrá mi ní Mọ́lété ní funfun olóròóró, ó sì ti fèrèsé pa kí eruku má baà lẹ̀ mọ́ ọn. Bí a ṣe ti yídì dé lọ́jọ́ ọdún, ó fà mí lọ́wọ́ lọ síbẹ̀, ó ṣílẹ̀kùn.

"Ìyá Rísí, wò ó! Àìsàn wo ló máa gbé yàrá tó mọ́ tó báyìí?"

Mi ò rí funfun náà tán. Mo fa èémí, kò wọlé. Mo di férémù ilẹ̀kùn mú, ọ̀dà tútù lẹ̀ mọ́ mi lọ́wọ́. Ohun tí mo rò kò ju pé Rísí fẹ́ di ọmọ aláìníyàá. Taṣọ-taṣọ ọdún ni wọ́n gbé mi dé ọsibítù.

Lẹ́yìn abẹ́rẹ́, tí èémí ń wọlé díẹ̀díẹ̀, dókítà kan ò wo èmi mọ́, ìka ọkọ mi tí ọ̀dà gbẹ mọ́ ló ń wò.

"Iṣẹ́ wo lẹ̀ ń ṣe, bàbá?"

"Ọ̀dà ni mò ń kùn, dókítà."

"Ilé yín ńkọ́?"

"Èmi náà ni mo kùn ún."

Dókítà ṣàlàyé pé ọ̀nà tí èémí ń gbà nínú àyà pín bí ẹ̀ka igi. Òórùn ọ̀dà, ti tọpẹntáìnì tí a fi ń po ọ̀dà, àti ti oògùn ikán máa ń pẹ́ nínú ilé. Ara ọ̀pọ̀ èèyàn ń gbà á mọ́ra. Ara tèmi kọ̀ ọ́, àwọn ọ̀nà náà á wú, wọ́n á fún. Ó ní kò sóògùn tó máa yanjú rẹ̀ níwọ̀n ìgbà tí mo bá ń sùn sínú òórùn náà. Bàbá Rísí ti ọwọ́ méjèèjì bọ àpò.

Ó ní, "Ó kù díẹ̀ kí n fọwọ́ ara mi pa ọ́."

Mo ní, "Ìfẹ́ lẹ fi ṣe é. Ẹ jẹ́ ká wá ilé."

Ẹ̀yin tí irú rẹ̀ ń ṣe, ẹ má fojú yan ilé. Ẹ̀rọ ìránṣọ mi ni mò ń gbé lọ. Mo máa ń jókòó sí yàrá tí wọ́n bá fi hàn wá, màá ti fèrèsé, màá ránṣọ títí di ìrun Àsárì nírọ̀lẹ́. Ti Ìsàlẹ̀ Ìjẹ̀bú rẹwà, ṣùgbọ́n wọ́n ti fi oògùn ikán kun àjà rẹ̀. Àílà, ìrun ọ̀sán, ò tíì tó tí ọ̀fun fi ń yún mi. Ìyá onílé bínú, ó ní, "Ṣé ilé mi ń rùn ni?" Mo bẹ̀ ẹ́, mo gbẹ́rọ mi.

Ìgbẹ̀yìn ni mo jókòó sí yàrá ẹ̀yìn kan ní agbo ilé bàbá ọkọ mi ní Bẹyẹrúnká, níbi tí wọ́n ń kó obì sí tẹ́lẹ̀. Mo rán odindi bùbá tán, mi ò wúkọ́ lẹ́ẹ̀kan. Ṣùgbọ́n ògiri rẹ̀ ti bó. Ẹlẹ́bọ́tọ, ìyẹn ìgbẹ́ màlúù, tí a fi omi èèpo irúgbá pò, la fi ń pa irú ògiri bẹ́ẹ̀, iṣẹ́ obìnrin sì ni. Bí àwọn ìyàwó ilé ṣe pé jọ láàárọ̀, ta ni mo rí? Ọkọ mi, pẹ́ńtà gbogbo ìlú, ó bọ́ ẹ̀wù, ó ru agbọ̀n ẹlẹ́bọ́tọ.

Wọ́n pariwo, "Pẹ́ńtà, àwọ̀ wo lẹ pe eléyìí?"

Ó ní, "Ẹ rín in tẹ́rùn. Kí ẹ ṣáà kọ́ mi bí ẹ ṣe ń yí ọwọ́." Ó kúnlẹ̀ sáàárín wọn.

A fi ilé Mọ́lété fún ayálégbé. Títí dòní, bí Bàbá Rísí bá ti ibi iṣẹ́ dé, ẹnu ọ̀nà ló ti ń bọ́ṣọ, tó ń wẹ̀ kó tó wọlé. Ikọ́ ṣì máa ń yọjú bí mo bá gba iwájú ilé tuntun kọjá. Mo ti gbà pé bí ara mi ṣe rí nìyẹn. Ara mi mọ̀ kí orí mi tó mọ̀, mi ò sì ní bá a jà mọ́. Rísí ti ń sùn tì mí.

Àwọn obìnrin máa ń tún ògiri yàrá mi pa lọ́dọọdún, ọwọ́ wọn ń lọ geere. Apá kan lẹ́yìn ẹ̀rọ mi rí wọ́gọwọ̀gọ, mi ò jẹ́ kí wọ́n fọwọ́ kàn án. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run tó fún mi léèémí. Apá wọ́gọwọ̀gọ yẹn, ọkọ mi ló pa á.