Èjìdé Olómi Òròm̀bó ní Ọjà'ba

Ní ayé ìgbà tí ogun kò jẹ́ kí Ìbàdàn sinmi, bí àlejò bá dé Oníyanrìn tó ń bèèrè ilé Yẹ̀kínì, àwọn àgbà á kọ́kọ́ bi í léèrè pé Yẹ̀kínì wo. Ṣùgbọ́n bí ó bá ní ilé Èjìdé olómi òròm̀bó ni òun ń wá, kíá ni wọ́n á na ọwọ́ sí i. Èjìdé ni ìyàwó Yẹ̀kínì. Obìnrin dúdú, tẹ́ẹ́rẹ́ ni, kì í pariwo, kì í sì í bẹ̀rù ẹnikẹ́ni. Bí ó bá ti pinnu ohun kan, ẹni tó bá fẹ́ yí i lọ́kàn padà, kí ó yáa wá ibi jókòó sí, nítorí iṣẹ́ ńlá ló dáwọ́ lé.

Àgbẹ̀ paraku ni Yẹ̀kínì kí ó tó lọ sí ogun Ìjàyè. Ó lọ sí ogun náà pẹ̀lú ẹsẹ̀ méjì tó dá ṣáká, ó sì fi igi tilẹ̀ padà wálé. Ọta ìbọn ló wọ orúnkún rẹ̀. Egbò náà jinná, ṣùgbọ́n orúnkún kò ká mọ́. Oko bàbá rẹ̀ wà lọ́nà Molete, ilẹ̀ dúdú ọlọ́ràá tí odò kékeré kan ń ṣàn gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá. Ọdún méjì ni ilẹ̀ náà fi di igbó, nítorí ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò ká, báwo ni yóò ṣe kọ ebè?

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, Èjìdé gbé ẹ̀kọ síwájú ọkọ rẹ̀, ó sì jókòó tì í.

Ó ní, "Bàbá Bọ́lájí, ẹ jẹ́ ká padà sí oko."

"Kí n lọ fi kí ni kọ ebè?"

"A ò ní kọ ebè. Igi eléso ni ká gbìn. Òròm̀bó, ọ̀pẹ òyìnbó, ìrèké létí odò. Ẹ̀ẹ̀kan lèèyàn ń gbin òròm̀bó, kíká ló kù."

Yẹ̀kínì rẹ́rìn-ín. "Èjìdé, ẹ̀yìnkùlé ta ni igi òròm̀bó kò sí ní Ìbàdàn yìí? Ta ni yóò wá rà á lọ́wọ́ wa?"

"Mi ò ní kí wọ́n ra èso. Omi rẹ̀ ni mo fẹ́ tà fún wọn."

Èjìdé ti rò ó dáadáa. Ní ìlú tí wọ́n ń gbé yìí, ẹ̀sìn ìmàle ń gbilẹ̀ lójoojúmọ́. Àwọn ará ilé Èjìdé fúnra wọn ń kírun. Bí ìnáwó bá wáyé, àwọn tó ń mutí á gbé ẹmu àti ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ kalẹ̀, inú wọn á máa dùn. Omi lásán ni wọ́n ń bù fún àwọn ìmàle níbẹ̀, wọ́n á wá jókòó bí ẹni tí a pè tí a gbàgbé. Èjìdé ti rí èyí níbi ìsọmọlórúkọ tí kò lóǹkà. Ó dá a lójú pé wọn yóò ra ohun tó dùn, tí kì í sì í pa ènìyàn bí ọtí.

Báyìí ni wọ́n ṣe padà sí ọ̀nà Molete. Yẹ̀kínì kan àpótí pẹlẹbẹ kan, ó ń jókòó lé e tu koríko ìdí igi, bí ó bá ti tán ní ìdí ọ̀kan, á wọ́ àpótí rẹ̀ lọ sí ìdí òmíràn. Èjìdé àti Bọ́lájí, ọmọbìnrin wọn, ló ń pọn omi odò, tí wọ́n ń bu ú rin àwọn igi wẹ́wẹ́ náà. Àwọn aládùúgbò oko ń kọjá lọ sí ìdí iṣu wọn, wọ́n ń fi wọ́n ṣẹ̀sín. Oko ẹyẹ ni wọ́n sọ ọ́. Wọ́n ní Yẹ̀kínì ń gbin oúnjẹ ẹyẹ kiri. Èjìdé á kí wọn kú iṣẹ́, á tún gbé ìkòkò omi rẹ̀ sórí, á sì máa bá tirẹ̀ lọ.

Ọ̀pẹ òyìnbó ló kọ́kọ́ so. Èjìdé bẹ́ ẹ, ó gún un nínú odó, ó fi aṣọ funfun sẹ́ ẹ, ó bu ata ilẹ̀ díẹ̀ sí i. Ó gbé ìkòkò náà sínú iyanrìn tútù lábẹ́ òjìji kí ó tó gbé e jáde. Ẹni tó bá mu ún lẹ́ẹ̀kan á bèèrè ìgbà tí òmíràn yóò tún wà. Nígbà tí àwọn òròm̀bó bẹ̀rẹ̀ sí í so lẹ́yìn ọdún mélòó kan, àwọn tó ń pè é ní oko ẹyẹ náà ti ń rán ọmọ wọn wá.

Ọdún kan wá wà tí ààwẹ̀ bọ́ sí àkókò tí òròm̀bó pọ́n. Ọdún yẹn ni òkìkí Èjìdé kàn. Kò sí ilé ìmàle láti Oníyanrìn dé Bẹẹrẹ tí kì í rán akèrègbè wá nítorí ìṣínu. Nítorí pé ọwọ́ òun àti Bọ́lájí kò ká a mọ́, ó ń fi omi èso fún àwọn alájàpá pé kí wọ́n bá òun tà á. Adéyẹ́misí wà lára wọn, obìnrin kan tó ń pàtẹ ní Bẹẹrẹ, ẹnu rẹ̀ dùn, ṣùgbọ́n kì í fẹ́ kí ọjà ṣòfò.

Àìfẹ́ kí ọjà ṣòfò yìí ló dá wàhálà sílẹ̀. Akèrègbè kan kù sílẹ̀ lọ́wọ́ Adéyẹ́misí, kò dà á nù. Ó gbé e sílé, oòrùn pa á, ó tún gbé e jáde lẹ́yìn ọjọ́ kẹta, ó sì tà á. Ilé bàbá arúgbó kan ni akèrègbè náà balẹ̀ sí. Bàbá náà fi ṣínu. Ó ní ó ta lẹ́nu dáadáa, ó tún bu òmíràn. Nígbà tí wọ́n dìde láti kírun, bàbá tẹ̀ síwájú, ó tẹ̀ sẹ́yìn, ó bú sẹ́rìn-ín, ó ní kí wọ́n bá òun di ilẹ̀ mú, ilẹ̀ ń yí.

Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́ tán, ọ̀rọ̀ ti gba ìgboro. Wọ́n ní Èjìdé ń fún àwọn ìmàle lọ́tí mu nínú ààwẹ̀. Àwọn tó ti ń gbádùn omi òròm̀bó rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í tutọ́ bí ó bá ń kọjá. Alùfáà Màmúdù, tó ń ṣáájú wọn kírun ní àdúgbò náà, ránṣẹ́ pe Yẹ̀kínì àti ìyàwó rẹ̀ pé kí wọ́n wá sọ tẹnu wọn.

Yẹ̀kínì ní, "Ká má lọ lónìí. Ẹ jẹ́ kí inú wọn rọ̀ ná."

Èjìdé ní, "Bí a kò bá lọ lónìí, irọ́ á di òótọ́ kó tó di ọ̀la." Ó ní kí Bọ́lájí di òròm̀bó kún agbọ̀n. Òun fúnra rẹ̀ wọ yàrá, ó gbé akèrègbè omi kan tó ti kù láti ìjẹta, èyí tó fẹ́ dà sídìí igi tẹ́lẹ̀.

Ẹsẹ̀ pé pìtì ní ojúde Alùfáà. Ọjọ́rọ̀ ni. Èjìdé kúnlẹ̀, ó kí wọn.

Alùfáà ní, "Èjìdé, o gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ. Ṣé ọtí ni ò ń tà ni, àbí omi èso?"

"Omi èso ni mò ń tà, Alùfáà. Ṣùgbọ́n mi ò ní bá yín jiyàn pé ohun tí bàbá mu kì í ṣe ọtí. Ọtí ni."

Ariwo sọ. Alùfáà gbé ọwọ́ sókè, wọ́n dákẹ́.

Èjìdé gé òròm̀bó, ó ń fún un sínú igbá funfun kan níwájú gbogbo wọn. Ó gbé akèrègbè ìjẹta tì í. Ó ní, "Ẹ wà nínú ààwẹ̀, mi ò lè ní kí ẹ tọ́ ọ wò. Màá jókòó síbí títí oòrùn á fi wọ̀. Nígbà náà, kí ẹ mu èyí tí mo fún lójú yín. Èyí kejì, imú nìkan ni kí ẹ fi gbọ́ òórùn rẹ̀. Ọgbà kan náà ni wọ́n ti wá, ọwọ́ kan náà ló fún wọn."

Wọ́n jókòó. Kò sí ẹni tó lọ sílé. Nígbà tí oòrùn wọ̀, tí wọ́n pe ìrun, Alùfáà mu nínú igbá, ojú rẹ̀ yọ̀. Ó gbé akèrègbè sí imú, ó yára gbé e kúrò. Ó gbé e kárí, oníkálùkù ń fa imú sẹ́yìn.

Èjìdé ní, "Bí èso ṣe rí nìyẹn. Bí ẹ bá mu ún lónìí, omi ni. Bí ẹ bá jẹ́ kó sùn, ó di ọtí, kì í bi ẹnikẹ́ni léèrè."

Ọ̀dọ́kùnrin kan pariwo láti ẹ̀yìn pé, "Ta ló tà á fún bàbá? Dárúkọ rẹ̀!"

Adéyẹ́misí wà láàrin èrò. Èjìdé rí i. Ó ní, "Oko mi ni omi náà ti jáde, èmi ni kí ẹ bi. Láti ọ̀la lọ, mi ò ní fi omi tí mo ti fún rán ẹnikẹ́ni mọ́. Èso ni màá rù wá sí Ọjà'ba. Ojú ẹni tó bá fẹ́ mu ni màá ti fún un."

Alùfáà mi orí. Ó ní, "Ẹni tó bá ní kí gbogbo ayé wá wo ọwọ́ òun, kò fi nǹkan pamọ́." Ó wá yíjú sí àwọn èèyàn rẹ̀, ó ní kò sí ẹ̀bi lọ́rùn Èjìdé.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, Adéyẹ́misí wá sí Oníyanrìn, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja bí ọkùnrin. "Ìyá Bọ́lájí, èmi ni. Ẹ rí mi, ẹ ò sì dárúkọ mi."

Èjìdé ní, "Dìde, lọ fọ ọwọ́ rẹ. Òròm̀bó pọ̀ láti fún lónìí."

Láti ọjọ́ náà, ìdí ọjà wọn ní Ọjà'ba di ìran àpéwò. Bọ́lájí ló yára jù. Á la òròm̀bó, á fún un lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, á ju èèpo sẹ́yìn láìwò ó. Àwọn tí òùngbẹ kò gbẹ pàápàá máa ń dúró wò ó.

Ibẹ̀ ni Japheth ti bá wọn pàdé. Ara àwọn tó ti Sàró padà wálé ni, òun ló ń tọ́jú ọgbà àwọn oníṣọ́ọ̀ṣì. Nígbà tó dé oko Molete, tó rí bí Yẹ̀kínì ṣe ń tọ́jú igi, ó padà lọ mú ẹ̀ka àjàrà kan tó ti Èkó gbé wá. Àjàrà inú igbó ni Yẹ̀kínì mọ̀, èyí tó ń yún ni lọ́fun, ṣùgbọ́n ó gbìn ín nítorí ọ̀rẹ́. Òjò fẹ́ẹ̀ pa á. Ewé rẹ̀ ń rà, kò so. Japheth ní kí wọ́n gé e kúrú nígbà ẹ̀ẹ̀rùn.

Yẹ̀kínì ní, "Ohun tó ń ṣàìsàn lẹ ní ká tún gé lọ́wọ́?"

"Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe é, bàbá. Ẹ jẹ́ ká jọ dán an wò."

Wọ́n gé e. Yẹ̀kínì fi ọparun ṣe àtíbàbà fún un kí atẹ́gùn lè máa fẹ́ sí i lára. Nígbà tó yá, ó so, èso wẹ́wẹ́ tó so pọ̀, àwọ̀ wọn dà bí aró. Inú Yẹ̀kínì dùn débi pé ó ń sùn sí oko kí ẹyẹ má baà jẹ ẹ́.

Ogun Kírìjì wá dé. Ọ̀nà Ìjẹ̀bú dí, ọ̀nà Ẹ̀gbá dí, ohun tí ń ti etíkun wá kò wá mọ́. Japheth wá sí Oníyanrìn lọ́jọ́ kan, ó ní ọtí àjàrà tí wọ́n fi ń jẹ oúnjẹ Olúwa ní ṣọ́ọ̀ṣì ti tán.

Yẹ̀kínì wo ìyàwó rẹ̀. "Ilé ìmàle ni ilé yìí. Ṣé a ó wá máa pọn ọtí fún oníṣọ́ọ̀ṣì ni?"

Èjìdé ní, "Omi àjàrà tútù ni màá fún wọn lójú wọn, bí mo ti ń ṣe fún gbogbo ayé. Bí ó bá di ọtí lọ́wọ́ wọn, ìyẹn wà láàrin àwọn àti Ọlọ́run wọn."

Japheth bú sẹ́rìn-ín. "Tútù náà la ó mu ún."

Nígbà tí Alùfáà Màmúdù gbọ́, ó bi Èjìdé bóyá òótọ́ ni. Èjìdé ní òótọ́ ni. Alùfáà ní ohun tí òun fẹ́ mọ̀ ni pé ṣé àjàrà náà á ṣẹ́ kù tí òun náà á fi tọ́ ọ wò. Wọ́n gbé igbá kan fún un. Ó mu ún, ó ní òròm̀bó dùn jù ú lọ.

Yẹ̀kínì kò dúró rí òpin ogun. Oko ló wà tó ti rẹ̀ ẹ́, ilé ló kú sí, àwọn oníṣọ́ọ̀ṣì àti ìmàle ló jọ kún ojúde lọ́jọ́ ìsìnkú rẹ̀. Èjìdé sunkún rẹ̀ gidigidi. Nígbà tó jáde ní opó, ó gbé àpótí ọkọ rẹ̀ fún àbúrò Bọ́lájí, Ọ̀jẹ̀wálé, ó ní kí ó lọ máa bá koríko ìdí igi lọ.

Nígbà tí ogun parí, tí ọ̀nà là, ọtí inú ìgò tún ń ti Èkó gòkè wá, ṣọ́ọ̀ṣì kò wá àjàrà mọ́. Èjìdé kò bínú. Ó ní kí wọ́n gé àjàrà náà kúrò, kí wọ́n fi ọ̀pẹ òyìnbó dí ibẹ̀, nítorí àlejò ń pọ̀ ní Ìbàdàn, òùngbẹ sì ń gbẹ gbogbo wọn. Bọ́lájí ti wà nílé ọkọ ní Bẹ́yẹrúnkà nígbà náà, ó ti gbin òròm̀bó tirẹ̀ sí oko ọkọ rẹ̀. Ní ọdún yẹn, òròm̀bó so débi pé ẹ̀ka ń já. Agbo ilé méjèèjì, ti Èjìdé àti ti ọkọ Bọ́lájí, ló kóra jọ lọ sí Molete láti ká a, àwọn ọkùnrin lórí igi, àwọn obìnrin nísàlẹ̀. Èjìdé dúró láàrin wọn pẹ̀lú irun funfun, ó ń pàṣẹ ẹ̀ka tí wọ́n á kọ́kọ́ gbọ̀n.