Ẹnu Jòhánù Nínú Ẹ̀rọ Ayò

Bí irọ́ bá wọ inú ìtàn yìí, kí iyán há mi lọ́fun lọ́jọ́ tí wọ́n bá fi ẹran ìgbẹ́ se ọbẹ̀ fún mi. Ẹni tó mọ̀ mí mọ̀ pé n kì í fi ọ̀rọ̀ iyán ṣeré. Nítorí náà, òótọ́ pọ́ńbélé ni mo fẹ́ sọ.

Jòhánù Awóyẹmí ni ọ̀rọ̀ kàn, fọ́gánáísà tó ń lẹ táyà ní Ọ̀mù-Àrán, lójú ọ̀nà tó lọ sí Òrò. Nígbà tí owó epo gba ìgboro, mọ́tò tuntun ń tò níwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ bí ìjàlọ. Nígbà tí ìlú wá le, tí táyà tuntun di ohun tí à ń rí lójú àlá, iṣẹ́ Jòhánù tún pọ̀ sí i. Ó lẹ táyà lọ́rì Sàláwù ará Ṣáárẹ́, ó lẹ ẹ́ títí kò fi sí táyà níbẹ̀ mọ́. Kìkì àlẹ̀mọ́ ló kù, wọ́n di ara wọn mú, lọ́rì sì ń rìn.

Ṣùgbọ́n táyà kọ́ ló sọ Jòhánù di èèyàn ńlá. Ayò ni. Nídìí ayò, ẹni tó ń borí là ń pè ní ọ̀ta, ẹni tí wọ́n ń jẹ ni òpè. Láti ìgbà tí mo ti mọ Jòhánù, òun ni ọ̀ta. Ọwọ́ rẹ̀ yá, àmọ́ ẹnu rẹ̀ ló léwu. Bó bá ṣe ń jẹ ọmọ ayò rẹ ni yóò máa bi ọ́ pé, ṣé ayò lò ń ta ni, àbí àgbàdo lò ń gbìn? Ọkùnrin kan láti Ìsánlú-Ìsin gbọ́ èébú yìí, ó dìde, ó lọ sílé, ó gbin àgbàdo lóòótọ́, ó sì fi là.

Lọ́dún tí ilé iṣẹ́ tí Caroline, àkọ́bí Jòhánù, ń bá ṣiṣẹ́ ní Èkó kógbá sílé, ó kó ẹrù rẹ̀ wálé pẹ̀lú kọ̀ǹpútà àlòkù kan. Ó gbé e kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ tí bàbá rẹ̀ fi ń fẹ́ táyà. Eré ayò kan wà nínú rẹ̀, tí òyìnbó kan ní ìlú oníyìnyín kọ. Caroline ṣàlàyé pé òyìnbó náà kò ti ilẹ̀kùn mọ́ iṣẹ́ rẹ̀. Gbogbo bó ṣe kọ ọ́ ló tẹ́ sílẹ̀ kí ayé rí. Ẹni tó bá rí àbùkù níbẹ̀ lè tún un ṣe, kó fi àtúnṣe náà ránṣẹ́. Bó bá dára, òyìnbó á fi kún un, gbogbo ayé á sì jọ máa lò ó lọ́fẹ̀ẹ́.

Jòhánù ní ó yé òun. Bí àwọn òǹwòran ìdí ayò ni: oníkálukú ló ń pariwo pé má ta ilé yẹn, ta èyí, ẹni tó ń ta ló mọ èyí tó máa gbọ́.

Ó jókòó ti ẹ̀rọ náà. Ẹ̀rọ jẹ ẹ́. Wọ́n tún un ta, ẹ̀rọ tún jẹ ẹ́. Kò sọ nǹkan kan, ó kàn ń jẹ ẹ́ jẹ́jẹ́, bí ikán ṣe ń jẹ àpótí aṣọ. Àwọn adìẹ tó ń jẹ̀ níwájú ṣọ́ọ̀bù dúró, wọ́n ń fi àánú wo Jòhánù.

Sàláwù, tó ti jẹ́ òpè Jòhánù láti ayé owó epo, gbé ìròyìn náà sínú lọ́rì. Kí oòrùn tó wọ̀, wọ́n ti gbọ́ ọ ní Òrò, wọ́n ti gbọ́ ọ ní Bàbáńlá, àwọn Tápà tó wà ní Ṣáárẹ́ sì ti fi kọrin. Nígbà tó padà dé, kò bọ́ sílẹ̀, ojú fèrèsé ló ti yọ orí.

"Òpè, ẹ kú ilé o. Ọ̀ta ńkọ́? Ṣé ó ti jí, àbí iná kò tíì dé?"

Jòhánù kó ọpọ́n ayò rẹ̀ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ó ní òun kò ní fọwọ́ kan ọmọ ayò mọ́ àfi bí ọ̀rọ̀ náà bá lójú. Bí kò bá lójú, kí Sàláwù wá gbé ọpọ́n náà lọ, kó máa jẹ́ ọ̀ta. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ kò borí òun.

"Ta ní ń jẹ ọmọlọ́mọ tí kò ní lanu sọ̀rọ̀? Olè ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Caroline, o ní ẹni tó bá rí àbùkù lè tún un ṣe. Àbùkù rèé. Fi ẹnu sí i."

Bí wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Jòhánù ń lẹ táyà, ó ń pe èébú; Caroline ń tẹ̀ ẹ́ sínú ẹ̀rọ. "Àwọn ọmọ rẹ ti sá wá sọ́dọ̀ mi, wọ́n ní o kì í fún àwọn lóúnjẹ." "Ọwọ́ rẹ wúwo bí ẹni tó ru odó lọ kí àna." Ọ̀kan wà níbẹ̀ tó gbóná débi pé dígí ojú ẹ̀rọ náà fọ́ díẹ̀. Caroline kọ ìtumọ̀ wọn lédè òyìnbó sábẹ́, ó kó gbogbo rẹ̀ sínú díísíkì pẹlẹbẹ kan, ó gbé e lọ sí Ìlọrin, níbi tí wọ́n ti lè gba ojú wáyà tẹlifóònù fi í ránṣẹ́. Epo mọ́tò wọ́n nígbà náà, lọ́rì Sàláwù nìkan ló rí epo rà. Òun ló gbé Caroline lọ. Kò mọ̀ pé èébú ara òun ni òun ń rù.

Òyìnbó fèsì pé òun dúpẹ́, àmọ́ ṣé kò ní dun àwọn èèyàn?

"Kọ̀wé sí i," ni Jòhánù wí, "pé ẹni tí kò bá fẹ́ èébú kó lọ máa ta lúdò."

Caroline fi ọ̀wọ̀ díẹ̀ pa á lójú dà, òyìnbó sì gbà.

Nígbà tí ẹ̀dà tuntun dé, a pé jọ sórí àwọn táyà àlòkù. Jòhánù ta, ó jẹ, ó tún jẹ. Ilé ẹ̀rọ gbẹ bí odò ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ni ẹ̀rọ bá kọ ọ́ sójú pé: "Àwọn ọmọ rẹ ti sá wá sọ́dọ̀ mi."

Jòhánù fò dìde, ó ti bọ́ bàtà ẹsẹ̀ kan. Òpè ń sọ̀rọ̀. Ẹ̀yin tí ẹ kì í ṣe ará ibí, ẹ gbọ́: nídìí ayò, ọ̀ta nìkan ló lẹ́nu. Òpè á tẹrí ba, á máa gbọ́ ọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun ló bí ọ̀ta. Caroline ti kọ ọ́ pé kí ẹ̀rọ máa bú èèyàn. Kò kọ ìgbà tí yóò dákẹ́. Ta ló máa ń kọ́ ọmọ Ọ̀mù-Àrán nírú nǹkan bẹ́ẹ̀? Ó rò pé ẹ̀rọ náà mọ̀ ni.

Caroline tún padà sí Ìlọrin. Ó kọ ọ́ pé kí ẹ̀rọ kọ́kọ́ wo ẹni tó jẹ ọmọ jù. Bí òun bá ni òpè, kó pa ẹnu mọ́. Òyìnbó ní òun kò gbọ́ rí pé dídákẹ́ wà nínú òfin eré. Ó gba àtúnṣe náà, ó sì kọ orúkọ Jòhánù mọ́ ti àwọn tó jọ ṣe iṣẹ́ náà.

Lọ́jọ́ tí wọ́n fẹ́ parí ọ̀rọ̀, Sàláwù dé fìlà tuntun wá láti gbé ọpọ́n. Jòhánù ló kọ́kọ́ ń jẹ, ẹ̀rọ sì dákẹ́ bí ìyàwó tuntun. Lójijì ọ̀rọ̀ yí. Ẹ̀rọ jẹ, ó tún jẹ, ó wá kọ ọ́ gàdàgbà pé: "Ṣé ayò lò ń ta ni, àbí àgbàdo lò ń gbìn?"

Jòhánù wo ọ̀rọ̀ náà. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, kò ríran ta ayò mọ́. Ẹ̀rọ jẹ ẹ́ tán pátápátá.

"Wàláì, ó parí," ni Sàláwù wí. "Ọpọ́n dà?"

"Sùúrù. Sàláwù, nídìí ayò, ta ló ń sọ̀rọ̀?"

"Ọ̀ta ni."

"Ẹnu ta ló ń sọ̀rọ̀ nínú ẹ̀rọ yìí?"

Sàláwù wo ojú ẹ̀rọ, ó wo Jòhánù, ó tún wo ojú ẹ̀rọ. "Ẹnu rẹ ni."

"Ó dáa. Jókòó, kó bú ìwọ náà."

A yẹ ọ̀rọ̀ náà wò síwá sẹ́yìn, a kò rí ibi tó ti jò. Sàláwù jókòó. Ẹ̀rọ sì fi ẹnu Jòhánù bú u títí di ìrọ̀lẹ́, nígbà tí Jòhánù fúnra rẹ̀ jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, tó ń jẹ ọ̀lẹ̀. Ẹnìkan tiẹ̀ kọ̀wé láti Bùràsíìlì, ó ń béèrè ẹni tó ń jẹ́ Jòhánù, àti ìdí tó fi rò pé òun ń gbin àgbàdo. Bí ọ̀ta Ọ̀mù-Àrán ṣe di ọ̀ta àgbáyé nìyẹn, kò sì kúrò nídìí táyà.

Ohun kékeré kan péré ni mo fi kún un. Ọ̀lẹ̀ kọ́ ni Jòhánù ń jẹ lọ́jọ́ náà, èkuru ni. Ọ̀lẹ̀ ló wù mí kó jẹ.