Nígbà tí Ìyàwó Mi Gba Sándà Lọ́wọ́ Mi

Mo jí láàárọ̀ ọjọ́ kan, ọwọ́ ọ̀tún mi kò dá mi lóhùn mọ́. Mo rò pé mo sùn lé e ni. Mo ní kí n fi di ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì mú, àmọ́ ọwọ́ náà kàn wà níbẹ̀ bí ọwọ́ ẹlòmíràn. Mo fẹ́ pe ìyàwó mi, ohun tó jáde lẹ́nu mi kì í ṣe ọ̀rọ̀. Ó ń gbálẹ̀ lọ́wọ́ ní pálọ̀. Ó gbọ́ ìró náà, ó rò pé ẹ̀rín ni mo ń rín, ó ní, "Kí ló dùn mọ́ yín báyìí láàárọ̀ kùtù?" Ìgbà tó wọlé tó rí bí ẹnu mi ṣe wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan ni ìgbálẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Rọpárọsẹ̀ ni. Ẹ̀jẹ̀ ríru ló fà á, bí dókítà ṣe wí. Wọ́n tọ́jú mi ní ọsibítù títí ara mi fi balẹ̀ díẹ̀, wọ́n wá dá mi padà sílé pẹ̀lú oògùn àti ọ̀pá ìtilẹ̀. Ẹsẹ̀ ọ̀tún ń wọ́ nílẹ̀, ọwọ́ ọ̀tún rọ jọwọlọ. Èyí tó burú jù ni ahọ́n mi. Gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ ló mọ́ kedere nínú mi, ṣùgbọ́n bí ó bá ti dé orí ahọ́n, á fọ́ yángá.

Káfíńtà ni mí. Ọ̀nà tó lọ sí Ọjà Akẹ̀sán, nínú ìlú Ọ̀yọ́, ni ṣọ́ọ̀bù mi wà. Ìyàwó mi ń ránṣọ ní yàrá kejì, ògiri kan ló là wá. Àwọn ọmọ wa ti dàgbà, kálukú ti lọ sí ibi tí oúnjẹ rẹ̀ wà. Nígbà tí àìsàn yìí dé, iṣẹ́ kan wà nílẹ̀ tí mi ò tíì parí: àwọn àga gbọọrọ tí ìjọ kan ní Ògbómọ̀ṣọ́ fẹ́ kó sínú ilé ìsìn wọn tuntun. Ìjọ tí ìyá ìyàwó mi ń lọ ni, lẹ́yìn Ọjà Igbó. Màmá ló dìde láàárín ìjọ tí wọ́n sọ pé ọkọ ọmọ àwọn mọṣẹ́, kí ìjọ gbé iṣẹ́ náà fún un. Mo ti rẹ́ pákó, mo ti kàn án pọ̀. Ó ku kí a dán an, kí a sì kùn ún ní fáníìṣì. Ẹni tí a jọ ń ṣiṣẹ́ ti kó lọ sí Ìlọrin. Ó ní òun ń bọ̀ wá ràn wá lọ́wọ́. A retí rẹ̀ títí.

Bí a ṣe jókòó lọ́jọ́ kan ni ìyàwó mi sọ pé, "Èmi ni màá dán àwọn àga yẹn."

Mo mi orí.

"Ẹ má mirí sí mi. Ṣebí ẹ̀rọ ni èmi náà fi ń jẹun?"

Mo fẹ́ sọ fún un pé ẹ̀rọ ìránṣọ dúró sójú kan, aṣọ ló ń rìn lábẹ́ rẹ̀. Sándà, ẹ̀rọ tí a fi ń dán pákó, kì í dúró. Bẹ́líìtì sánpépà ló ń yí lábẹ́ rẹ̀ bí ẹ̀wọ̀n kẹ̀kẹ́, ibi tó bá fẹ́ ló ń sáré lọ, àfi bí èèyàn bá dì í mú. Ẹran ara kò sì yàtọ̀ sí pákó lójú rẹ̀. "Rá... rá..." ni gbogbo ohun tó jáde.

Ìyàwó mi dúró kí n parí. Nígbà tí kò rí òmíràn gbọ́, ó rọra béèrè pé, "Ta ni yóò wá ṣe é? Ẹ júwe ẹni náà fún mi, màá lọ pè é."

N kò rí ẹnikẹ́ni júwe.

Fọkanáísà tó ń lẹ táyà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa ló bá a gbé mi jókòó sínú ṣọ́ọ̀bù. Ibẹ̀ ni mo ti fi ọwọ́ òsì kọ́ ìyàwó mi níṣẹ́. Mo na ìka sí ìborùn rẹ̀, ó bọ́ ọ sílẹ̀. Mo na ìka sí yẹtí, ó yọ ọ́. Mo tọ́ka sí apá bùbá rẹ̀ tó fẹ̀, ó lọ wọ ṣẹ́ẹ̀tì iṣẹ́ mi, ó fi rọ́bà de ọrùn ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì. Ìró nìkan ni kò gbà láti bọ́. Ó ní òun kò lè wọ ṣòkòtò ní gbangba títì. Ó fi ìbòmú bo imú, ó wọ awò tí mo fi ń dáàbò bo ojú, ó ki òwú sétí nítorí ariwo.

Ohun tí n kò lè sọ, òun ló ń sọ ọ́ jáde, tí èmi yóò sì fi orí dáhùn.

"Kí n fi ọwọ́ méjèèjì dì í mú?"

Mo mi orí sí ìsàlẹ̀.

"Kí n jẹ́ kó kọ́kọ́ máa sáré lókè, kí n tó gbé e lé igi?"

Bẹ́ẹ̀ ni.

"Kí n má tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, kí n jẹ́ kí ìwúwo ara rẹ̀ ṣiṣẹ́. Bí mo bá fẹ́ gbé e sílẹ̀ ńkọ́? Ó dìgbà tí bẹ́líìtì bá dúró?"

Bẹ́ẹ̀ ni.

Mo wá fi ọ̀pá mi fa wáyà sándà náà, mo fà á títí ìyàwó mi fi wo sọ́kẹ́ẹ̀tì tó wà lára ògiri. Ó ronú díẹ̀. "Kí n yọ pulọ́ọ̀gì kí n tó fọwọ́ kan bẹ́líìtì." Mo mi orí sí ìsàlẹ̀ títí ọrùn fi ń dùn mí.

Ní ọjọ́ àkọ́kọ́, sándà náà ń fà á lọ láti ìdí àga dé orí rẹ̀, bí ewúrẹ́ tó já mọ́ èèyàn lọ́wọ́. Ẹ̀rín ń pa á. Èmi náà fẹ́ rẹ́rìn-ín, ẹkún ló jáde, nítorí àìsàn yìí ti da àwọn méjèèjì pọ̀ fún mi. Ṣùgbọ́n nígbà tó yá, ọwọ́ rẹ̀ rọ̀ mọ́ iṣẹ́. Ó ń tọ ipa igi. Mo fi àtẹ́lẹwọ́ òsì mi pa ẹ̀yìn àga kan, mi ò rí ibi tó dá mi dúró.

Bàbá àgbàlagbà kan ń kọjá lọ sí ọjà, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà. "Ayé mà ti yí o. Ìyàwó ń ṣe káfíńtà, ọkọ jókòó, ó ń wòran." Ojú gbà mí tì. Ìyàwó mi yọ òwú létí kan, ó kúnlẹ̀ díẹ̀, ó ní, "Ẹ kú ìrìn o, Bàbá." Lẹ́yìn náà ló tan sándà padà, eruku sì lé Bàbá lọ.

Bọ́tìnì kékeré kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí a ti ń tan sándà náà. Bí èèyàn bá tẹ̀ ẹ́ wọlé, ẹ̀rọ á máa ṣiṣẹ́ lọ, ìka kò ní láti dì í mú mọ́. N kò fi hàn án. Òun fúnra rẹ̀ ló rí i, nítorí ìka ń dùn ún. Mo mi orí kí ó má lò ó. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ọwọ́ ló ń ro mí." Ó tẹ̀ ẹ́ wọlé, ó ń bá iṣẹ́ lọ.

Ọ̀sán gangan ni iná lọ. Ìyàwó mi ń dán àga kan lọ́wọ́ nígbà náà. Sándà náà mí kanlẹ̀, ó dákẹ́. Ìyàwó mi fa ìbòmú sí ọrùn, ó nu òógùn, ó yí sándà náà sókè wò.

"Bẹ́líìtì yìí ti jẹ tán. Kí n kúkú pààrọ̀ rẹ̀ kí iná tó dé."

Ó jókòó sórí àga tó ń dán, ó gbé ẹ̀rọ náà lé itan, ó dojú rẹ̀ kọ òkè, bó ṣe máa ń gbé aṣọ tó fẹ́ fi ọwọ́ ṣẹ́ létí lé itan. Mo wo ògiri: pulọ́ọ̀gì wà nínú sọ́kẹ́ẹ̀tì. Mo wo ẹ̀gbẹ́ sándà: bọ́tìnì kékeré náà ṣì wọlé síbẹ̀.

Mo ní kí n sọ pé "Yọ." Ọ̀rọ̀ kan péré. Ahọ́n mi sọ ọ́ di "Yó... yó..."

"Ẹ ti yó?" Kò gbé ojú sókè. "Ẹ ò mà tíì jẹ oúnjẹ ọ̀sán."

Mo fi ọwọ́ òsì na sọ́kẹ́ẹ̀tì. Fóònù mi wà níbẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ pulọ́ọ̀gì, ó ń gba iná kí iná tó lọ. Ó wo ibẹ̀, ó ní, "Fóònù yín kò tíì kún. Ẹ ní sùúrù, iná á dé."

Ohun tí mo ń bẹ̀rù gan-an ló ń fi tù mí nínú.

Wáyà sándà náà gba iwájú mi kọjá nílẹ̀. Mo rò pé bí mo bá lè fi ọ̀pá kọ́ ọ, kí n fà á, pulọ́ọ̀gì á bọ́. Mo tẹ̀ síwájú. Àga yẹ̀ lẹ́yìn mi, mo sì ṣubú lulẹ̀ gbì, lórí eruku pákó. Ìyàwó mi kígbe, "Yéè, ọkọ mi!" Kò tíì gbé ẹ̀rọ náà kúrò lórí itan nígbà tí mo gbọ́ ohùn àwọn ọmọdé níta: "Ọ́ọ̀pù NẸ́PÀ!"

Sándà náà bú. Ó gbé ìró rẹ̀ mì, ó gba orí itan rẹ̀ sáré, ìyàwó mi sì fi àtẹ́lẹwọ́ ọ̀tún gbá a mú kó lè dá a dúró. Igbe tó ké, n kò gbọ́ irú rẹ̀ rí, kódà nígbà tó ń rọbí. Aṣọ wé mọ́ bẹ́líìtì náà, ó há, ẹ̀rọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í kérora, òórùn jíjó gba inú ṣọ́ọ̀bù.

Èmi wà nílẹ̀ níbẹ̀. Wáyà náà wà lábẹ́ ọwọ́ mi, àmọ́ ọwọ́ ọ̀tún ni. Mo rí i. Mo ní kó di wáyà mú. Mo bẹ ọwọ́ náà bí ẹni ń bẹ èèyàn. Kò mira.

Fọkanáísà ló sáré wọlé, ó já pulọ́ọ̀gì lára ògiri. Ó lọ mú síṣọ́ọ̀sì ìyàwó mi wá, ó fi gé ìró náà kúrò lára ẹ̀rọ. Ó fẹ́ fi ọ̀kadà gbé ìyàwó mi lọ sí ọsibítù, ìyàwó mi kò gbà. "Ẹ kọ́kọ́ gbé ọkọ mi dìde." Ẹ̀jẹ̀ ń kán lọ́wọ́ rẹ̀ bó ṣe ń sọ ọ́. Ọkùnrin náà gbé mi padà sórí àga, ó gbọn eruku lára mi, wọ́n sì lọ.

Mo dá jókòó pẹ̀lú sándà àti àjákù ìró. Àwọn tó ń ti ọjà bọ̀ ń kọjá, wọ́n ń yọjú wò mí, wọ́n ń sọ pé, "Ẹ kú iṣẹ́ o." Mo ń gbé ọwọ́ òsì sókè sí wọn.

Kí oòrùn tó wọ̀ ni fọkanáísà gbé ìyàwó mi dé. Wọ́n ti fi báńdéèjì di ọwọ́ rẹ̀ bí ọmọ tuntun tí a fi aṣọ wé. Itan rẹ̀ bó, àmọ́ kò wọnú. Wọ́n ní kò kan eegun, ṣùgbọ́n awọ àtẹ́lẹwọ́ ti lọ. Ó jókòó tì mí, ó wò mí títí.

"'Yọ' lẹ ń sọ."

Mo mi orí sí ìsàlẹ̀.

"Mo rò pé iná ti lọ. Kí ni mo tún fẹ́ yọ?"

Láti ọjọ́ náà, ọwọ́ òsì ni àwa méjèèjì fi ń jẹun. Àwọn tó bá wá kí wa á gbé ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan tí a bá ń jẹ.

Àwọn àgbà ìjọ ti Ògbómọ̀ṣọ́ gbé ọkọ̀ wá. Wọ́n bá wa kẹ́dùn, wọ́n gbàdúrà, wọ́n sì kó àwọn àga náà lọ, èyí tó ti dán àti èyí tí kò tíì dán. Káfíńtà kan nítòsí Sábó ló bá wọn parí rẹ̀. Mo fẹ́ sọ fún wọn pé kí wọ́n ṣọ́ra fún ẹsẹ̀ àga kan tí àtè rẹ̀ kò tíì gbẹ dáadáa. Wọ́n ti wakọ̀ lọ kí n tó rí ọ̀rọ̀ náà kó jọ. Nígbà tí wọ́n ya ilé ìsìn náà sí mímọ́, ìyá ìyàwó mi ní dandan ni kí a wá. Wọ́n fi wá jókòó síwájú. Àwọn èèyàn dìde, wọ́n kọrin, wọ́n jókòó, n kò sì gbọ́ ìwàásù kankan sétí. Ẹsẹ̀ gbogbo àga ni mò ń wò.

Ọwọ́ ìyàwó mi ti jiná, àmọ́ awọ rẹ̀ sún kì. Kò lè na ọwọ́ náà tán, kò sì lè fi ìka mú abẹ́rẹ́ mọ́. Síṣọ́ọ̀sì ń dùn ún. Ohun kan ṣoṣo tí ọwọ́ tó ká kò náà lè dì mú dáadáa ni ọwọ́ sándà. Òun ló sọ ọ́ fún mi. Ó ti fi ọwọ́ òsì rọra tún ṣòkòtò mi kan rán sí ìwọ̀n tirẹ̀, ó sì ń wọ̀ ọ́ báyìí, ẹni tó bá fẹ́ wò ó kó wò ó. Àwọn káfíńtà àdúgbò ń gbé ilẹ̀kùn wá fún un kó bá wọn dán an.

Ọ̀rọ̀ ti ń já gaara díẹ̀ lẹ́nu mi. Mo lè sọ "Yọ" kó jẹ́ yọ. Òwú sì wà létí ìyàwó mi, bó ṣe yẹ kó wà.

N kò lè jókòó sínú ṣọ́ọ̀bù mọ́ bó bá ń ṣiṣẹ́. Mo ní kí wọ́n gbé àga mi síta, lẹ́bàá táyà àwọn oníbàárà fọkanáísà. Mo máa ń gbọ́ bí sándà náà ṣe ń lọ tó ń bọ̀ lórí igi. Bí ó bá dákẹ́ lójijì, n kò mọ̀ bóyá òun ló pa á ni, tàbí iná ló lọ, tàbí nǹkan mìíràn. Mo máa ń di ọ̀pá mi mú, mo máa ń tẹ́tí sílẹ̀, títí màá fi gbọ́ tí eruku mú ìyàwó mi sín.